Owó Orí Sìgá àti Ìtọ́jú Aláìsàn

  

Kò sí ẹni tó ń kírun Jímọ̀ ní Òkè-Àdó níbí tí kò mọ ìkéde yìí: a ó sàlámà tán, áfáà a ní kí a má tíì dìde, arákùnrin wa kan wà ní ọsibítù, owó kò sí. A ó tọwọ́ bọ àpò. Iṣẹ́ láádá ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ohun tí owó orí ẹní lè kápá, sìgá sì wà lára ohun tó ń fà wọ́n jù.

Ìlú tiwa gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Láti 1937 ni ilé iṣẹ́ sìgá ti wà ní Ìbàdàn. Ti British American Tobacco ṣí ní 2003, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì ń gbin tábà. Àwọn ènìyàn ń jẹun níbẹ̀, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n Suratul-Baqarah ti kọ́ wa, níbi ọ̀rọ̀ ọtí àti tẹ́tẹ́, pé kí a máa gbé àǹfààní nǹkan àti ìpalára rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ bu ₦1 lé ẹyọ sìgá kọ̀ọ̀kan, láfikún sí 20% tó wà nílẹ̀. Ó di ₦2 ní 2019, ó di ₦2.90 ní 2020, wọ́n sì tún ti fi kún un lẹ́yìn náà. Àjọ ìlera àgbáyé ní ó yẹ kí owó orí tó 75% iye tí wọ́n ń ta á. Tiwa kò tíì débẹ̀. Èyí tí wọ́n sì ń gbà, àpò gbogbogbòò ló ń wọ̀, kò sí aláìsàn tó lè nawọ́ sí i.

Àwọn kan nínú wa ń bèèrè pé, owó ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ pè ní haraamu, ṣé ó yẹ kí a fi tọ́jú Mùsùlùmí? Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe sàdáká ni amúsìgá ń ṣe. Owó ohun tí wọ́n bàjẹ́ ni òun àti ẹni tó ń ta á fún un ń san. Ìtanràn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ di halaali rí. Àwọn mìíràn ní tálákà ni yóò ru ẹrù náà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ìdí rèé tí a fi ń sọ pé kí owó náà padà sọ́dọ̀ tálákà. Ní 2012, orílẹ̀-èdè Philippines ṣe òfin tó fi owó lé sìgá àti ọtí, wọ́n sì ya èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún náà sọ́tọ̀ fún ìlera, pàápàá ìdójútòfò ìlera àwọn aláìní. Òfin ìdójútòfò ìlera tiwa ti 2022 ti dá àpò sílẹ̀ fún aláìní, aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó àti aláàbọ̀ ara. Àpò ti wà. Ohun tí yóò máa ṣàn wọ inú rẹ̀ déédéé la ń wá.

Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ̀wé sí aṣòfin tó ń ṣojú wa ní Àbújá. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ṣíṣà níbi ìnáwó, tábà ni yẹn náà o.) Òfin 2015 ní wọn kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ-ẹyọ, tàbí fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Ẹ rìn láti ibí dé Mọ́lété, kí ẹ ka ìsọ̀ tó ń ta ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ń tà á báyìí, èlé owó orí kì í ro ọmọdé lára. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà.