Ẹni Tó Sín Gbẹ́rẹ́ Fún Ọmọ Ogun

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, bọ̀dá kan wá sílé mi ní Hyattsville, níbí ní Prince George's County. Ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí òrìṣà tó wà lórí mi, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó jókòó. Ọmọ Ìbàràpá ni. Ó ní àbúrò òun, ọmọ ọdún 19, ti wọ ẹgbẹ́ fijilanté nílùú wọn, òròòru ni wọ́n sì ń ṣọ́ oko. "Ìyá, ẹ bá mi ṣe ayẹta fún un, kí n fi ránṣẹ́."

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí àwa olórìṣà bá sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tó gbé ìbọn, tí ẹni náà wá lọ ṣìkà, ṣé ọwọ́ tiwa mọ́?

Ẹni tó bá mọ ohun tójú Ìbàràpá ti rí kò ní fi bọ̀dá yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Lóru ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgangan, wọ́n pa èèyàn tí kò dín ní mọ́kànlá, wọ́n sun ilé, wọ́n sun ààfin. Bí ìjọba ò bá ṣọ́ ìlú, ọmọ ìlú á ṣọ́ ọ. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, ní Ìgangan yẹn náà, wọ́n ti dáná sun ilé Séríkí Fúlàní. Ìbọn tí a fi ṣọ́ ilé wa, ó rọrùn láti gbé e lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Ìtàn tó máa ń wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá, ti Sierra Leone ni. Àwọn ọmọ Sierra Leone pọ̀ ládùúgbò wa níbí, ogun ló sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílé. Inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ ka ogun náà nígbà tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìgbé ayé ọmọ ènìyàn ní yunifásítì, kí n tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Ogun náà jà láti 1991 títí di 2002. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ń pa aráàlú, àwọn ṣọ́jà tó yẹ kó gbà wọ́n náà ń jí ẹrù wọn kó, débi pé wọ́n sọ wọ́n ní "sobel": ọ̀sán ṣọ́jà, òru ọlọ̀tẹ̀. Ni àwọn Mende bá yíjú sí àwọn ọdẹ wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní kamajor.

Wọ́n ń fi oògùn sí wọn lára kí ìbọn má ba à wọlé. Oògùn ọ̀hún ní èèwọ̀: má jí ẹrù aráàlú, má pa ẹni tí kò gbé ohun ìjà, má sún mọ́ obìnrin bí o bá ń lọ sógun. Ẹni tó bá rú u, oògùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó dáadáa. Òfin ogun nìyẹn! Ọmọkùnrin tó gbà lóòótọ́ pé ọta á wọ òun lára bí òun bá jí ewúrẹ́ opó, kò ní jí i, yálà ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Àmọ́ nígbà tí ọdẹ abúlé di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀rọ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, àgbà tó fi oògùn sí ọ lára mọ bàbá rẹ, ó mọ ìwà rẹ, ó sì lè kọ̀ fún ọ. Nígbà tó yá, owó ni wọ́n ń gbà, wọ́n ń ṣe é fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, títí kan ọmọdé. Èèwọ̀ ṣì wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi ọ́ mọ́ bóyá o rú u. Àwọn kamajor náà wá ń pa aráàlú, wọ́n ń jí ẹrù.

Lẹ́yìn ogun, ilé ẹjọ́ pàtàkì tí ìjọba Sierra Leone àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ dá sílẹ̀ gbé àwọn aṣáájú wọn wá. Hinga Norman, ọ̀gá wọn, kú ní oṣù kejì 2007 kí ìdájọ́ tó dé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí ni Allieu Kondewa, olórí àwòrò wọn. Kí àwọn ọmọ ogun tó lọ kọlu Tongo, ó sọ fún wọn pé kò sí àyè fún ọlọ̀tẹ̀ tó bá túúbá, ó sì súre fún wọn. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 2007, wọ́n fún un lẹ́wọ̀n ọdún 8. Ní 2008, àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ di ọdún 20. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ yẹn, ọmọ Sierra Leone fúnra rẹ̀, ò gbà: lójú tirẹ̀, báwo ni ẹni tó kàn ń pe ara rẹ̀ ní alágbára oògùn ṣe lè jẹ́ ọ̀gá ogun?

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, lẹ́yìn náà inú bí mi díẹ̀. Ó jọ pé ó ń gbà wá sílẹ̀, àbùkù ló fi kàn wá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wa ò bá jẹ́ nǹkan kan lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tún pè é ní àṣẹ lọ́jọ́ tí a bá ń gba owó ètùtù.

Àwa náà ti fojú rí i nílé. Ní Ṣàgámù, oṣù keje 1999, wọ́n pa obìnrin Hausa kan tó jáde lóru Orò. Ìjà Yorùbá àti Hausa bẹ́ sílẹ̀, ó sì dé Kano, níbi tí wọ́n ti gbẹ̀san lára àwọn Yorùbá. Níbẹ̀, èèwọ̀ kan náà tó yẹ kó dá ọwọ́ dúró ni wọ́n tọ́ka sí láti pààyàn.

Mo wá sọ fún bọ̀dá pé kí ọmọ náà pè mí fúnra rẹ̀. Ó pè lórí WhatsApp. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ó máa gba ìbọn AK. Mo ní, "Bí ẹ bá rí ọmọ Fúlàní kan pẹ̀lú màlúù, tí kò ní ìbọn lọ́wọ́, kí lẹ máa ṣe fún un?" Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ò sí níbí."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò sí níbẹ̀. Bí mo bá fún un ní èèwọ̀ láti Maryland, ta ló máa ṣọ́ ọ? Mo fi omi àti obì bẹ orí rẹ̀ fún un kó rí ilé dé ní gbogbo òru, mi ò sì ṣe ayẹta. Inú bọ̀dá ò dùn. Inú tèmi náà ò dùn, torí bí ọta bá ba ọmọ yẹn, èmi náà ló kọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bọ̀dá pè mí. Ó ní wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, lówó pọ́ọ́kú. Mo bi í pé èèwọ̀ wo ni ẹni náà fún un.

Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ ilá.