Ọmọlangidi Lọ́wọ́ Àgbàlagbà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ẹ bá wọ ilé àgbàlagbà, tí ẹ rí ọmọlangidi mẹ́wàá tó tò wọ́n sórí pẹpẹ, tí kò sì sí ọmọdé kankan nínú ilé náà, kí lẹ máa rò? Àwọn kan á ní orí onítọ̀hún ò pé. Àwọn mìíràn á mi kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Áà, ọmọ rẹ̀ kan ti kú nìyẹn." Èsì kejì yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Ní Tohoku, ìyẹn apá àríwá ìlà-oòrùn erékùṣù tó tóbi jù ní Jàpáànì, irú ọmọlangidi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kokeshi lorúkọ rẹ̀. Kò lápá, kò lẹ́sẹ̀: orí roboto lórí ara gbọọrọ, ó parí. Nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn làwọn oníṣẹ́ igi tó ń ṣe àwo àti abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láwọn ìlú tí omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀. Wọ́n á fi igi sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yí i bírí, wọ́n á fi irin mímú fá a títí á fi dán, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì ya ojú, irun àti òdòdó sí i. Àwọn àgbẹ̀ tó wá wẹ omi gbígbóná náà kí ara lè tù wọ́n ló ń rà á lọ fáwọn ọmọ wọn. Ti ìlú Naruko tiẹ̀ máa ń ké wíín-wíín téèyàn bá yí i lórí. Ohun ìṣeré ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ohun ìṣeré onípáànù àtàwọn míì tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ dé, àwọn ọmọdé pa onígi tì. Ṣebí ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí? Rárá o. Àwọn àgbàlagbà ló gbé e. Àwọn ará ìlú ńlá ń wá a kiri. Ìwé tó dá lórí rẹ̀ jáde ní 1928. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, àfìgbà tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pàdé ní Naruko ní 1940, tí wọ́n fẹnu kò sí kokeshi.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn 1960, ìtàn kan gbòde. Wọ́n ní "ko" lè jẹ́ ọmọ, "keshi" sì lè jẹ́ pípa nǹkan rẹ́, torí náà àwọn ọmọ tí òbí pa nígbà ìyàn ni ọmọlangidi yìí dúró fún. Lóòótọ́ ìyàn mú ní Tohoku láyé àtijọ́, lóòótọ́ ni wọ́n sì pa ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìtàn kokeshi dáadáa kò gba èyí wọlé. Ẹ wo ọ̀kan nínú àwọn orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, "kideko": ọmọlangidi onígi ló túmọ̀ sí. Òkú dà níbẹ̀?

Kí ló wá dé tí ìtàn náà kò kú? Lójú tèmi, ó ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ ìtìjú ni. Tó o bá ní, "Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni," wọ́n á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Tó o bá ní, "Òkú ọmọ ló dúró fún," gbogbo ilé á pa lọ́lọ́.

Àwa Yorùbá sì mọ igi tó dúró fún òkú ọmọ. Ìyá tí ìbejì rẹ̀ kú á ní kí wọ́n gbẹ́ ère. Á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á, á máa fún un lóúnjẹ. Ẹni tó bá mọ ohun tí ère ìbejì ná ìyá yẹn kò ní yá ẹkún rẹ̀ lò láti fi bu iyì kún ohun ìṣeré. Ìyẹn jẹ́ olè lẹ́ẹ̀mejì: ó jí ìbànújẹ́ ọlọ́fọ̀, ó tún jí ayọ̀ tí oníṣẹ́ igi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Obìnrin tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀, tó ra kokeshi kan, tó fi ń rántí, òun ńkọ́?" Ó dáa. Ohun tí òun fi sí i, tirẹ̀ ni, òtítọ́ sì ni. Ìtàn tí mo fi ìgbésí ayé mi kọ sára ohun tí mo rà, ẹ̀tọ́ mi ni. Èyí tí mo bá fi sẹ́nu ẹni tó ṣe é, irọ́ ni, kódà bó pa èèyàn lẹ́kún.

Ní Ueno ní ìlú Tokyo, lọ́jọ́ 25 oṣù September lọ́dọọdún, àwọn èèyàn máa ń kó ọmọlangidi tó ti gbó lọ sí tẹ́ńpìlì Kiyomizu Kannon-do, kí àwọn àlùfáà gbàdúrà lé e lórí. Ìdágbére àti ìdúpẹ́ ni. Ó ti bá wọn gbé. Ìyẹn náà tó.

Àwọn oníṣẹ́ igi yẹn máa ń ṣe òkòtó pẹ̀lú. Èmi náà ní òkòtó kan nínú àpótí mi, látìgbà tí mo wà ní kékeré. Kò dúró fún òkú kankan jàre. Inú mi dùn nígbà yẹn ni. Ta ló wá sọ pé ẹkún nìkan ló yẹ ká máa ṣe ìrántí rẹ̀?