Ọlọ́kàn Tútù Lórí Pápá Tẹníìsì



Bóyá ẹlòmíràn yóò bèèrè pé kí ni ìwé ìròyìn ìjọ ní íṣe pẹ̀lú eré tẹníìsì. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò ka eré sí ohun àìtọ́ láti fi kọ́ni. Àwọn tí ń sá eré ìje àti àwọn tí ń kan ẹ̀ṣẹ́ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí ó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìdíje kan láàrin ilé-ẹ̀kọ́ méjì, bọ́ọ̀lù tí ọmọkùnrin náà gbá bọ́ sórí ilà gan-an. Èmi fi ojú ara mi rí i bí ẹfun ti ta sókè. Ẹni tí ń ṣọ́ ilà, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ké pé ó ti jáde. Ọmọ náà yíjú sí mi. Mo fi ìka kan ètè mi. Ó dákẹ́, ó sì ń bá eré lọ títí a fi borí rẹ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ ó tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ìwà tútù ni ẹ kọ́ mi lónìí, tàbí ìbẹ̀rù?" Mo fún un ní èsì kan tí kò tẹ́ èmi pàápàá lọ́rùn, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì ti kúrò lọ́kàn mi.

Ẹnikẹ́ni tí ó ti di ráákẹ́ẹ̀tì mú rí mọ̀ pé eré yìí kì í ṣe ti apá àti ẹsẹ̀ nìkan. Òṣèré ń dá dúró ni, kò sí ẹgbẹ́ tí yóò bá a ru ẹ̀bi rẹ̀. Láàrin bọ́ọ̀lù kan àti èkejì àyè díẹ̀ wà láti ronú, inú àyè kékeré yẹn gan-an sì ni ọ̀tá ti ń wọlé. Bọ́ọ̀lù tí a ti pàdánù ti lọ, síbẹ̀ ọkàn a máa gbá a lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn baba wa wí pé ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lórí pápá tẹníìsì èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ òwe mọ́, nítorí ẹni tí inú ń bí a máa gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tí ì dúró. Iṣẹ́ kan náà ni ìbẹ̀rù ń ṣe. Ní Wimbledon ní ọdún 1993, Jana Novotna ń ṣáájú Steffi Graf ní géèmù 4 sí 1 nínú sẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn, àmì ayò kan ṣoṣo ni ó sì kù kí ó di 5 sí 1. Ó gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọ inú ilà lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sì tún rí géèmù kankan gbà mọ́ títí eré fi parí. Apá rẹ̀ kò rọ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ọkàn rẹ̀ ni. (Mo láyọ̀ láti sọ pé ó padà wá borí níbẹ̀ ní ọdún 1998.)

Ṣùgbọ́n Arthur Ashe, ọmọ ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, ni mo ń rò jùlọ. A bí i ní Richmond ní Virginia ní ọdún 1943, ní ìgbà tí a ń ya pápá àwọn dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn funfun. Oníṣègùn kan, Robert Walter Johnson ti ìlú Lynchburg, ni ó gbà á sọ́dọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ dúdú mìíràn láti kọ́ wọn ní eré yìí. Òfin rẹ̀ le: ọmọ kò gbọdọ̀ bá adájọ́ eré jiyàn, kò gbọdọ̀ sọ ráákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, bí bọ́ọ̀lù ọ̀tá bá sì kọjá ilà díẹ̀, kí ó gbá a padà bí ẹni pé ó wọlé. Kí ni ìdí rẹ̀? Kí àwọn tí kò fẹ́ rí wọn lórí pápá má baà rí ẹ̀sùn kankan fi lé wọn jáde. Ẹ kíyèsí i pé ìnilára ni ó bí ìwà tútù yìí. Bí ó bá parí síbẹ̀, ọmọ tí ó bi mí léèrè ì bá jàre.

Kò parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1975, Ashe pàdé Jimmy Connors ní àṣekágbá Wimbledon. Connors ni ó borí ní ọdún tí ó ṣáájú, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì gbà pé Ashe lè ṣẹ́gun rẹ̀. Bí a bá ti gbá bọ́ọ̀lù líle sí Connors tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Bọ́ọ̀lù líle gan-an sì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ashe! Lọ́jọ́ náà ó fi ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jùlọ sílẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, èyí tí ó wálẹ̀, tí kò ní agbára tí ọ̀tá lè yá lò. Nígbà tí wọ́n bá sinmi láti yí ìhà padà, a jókòó, a di ojú rẹ̀, a sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́ ní 6 sí 1 àti 6 sí 1. Ó pàdánù ẹ̀kẹta ní 5 sí 7, kò sì tìtorí rẹ̀ sá padà sí ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Ó gba ẹ̀kẹrin ní 6 sí 4. Òun ni ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó borí níbẹ̀ nínú eré àwọn ọkùnrin ní ẹnìkọ̀ọ̀kan. Lójú mi, ojú tí ó dì kọ́ ni ó ṣòro jù. Kí ènìyàn gbà pé agbára tí òun fi ń yangàn kò ní wúlò lónìí, ìrẹ̀lẹ̀ gidi ni.

Nísinsin yìí, ẹni tí ó mọ̀ nípa eré yìí yóò kọlù mí. Yóò ní, "John McEnroe ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ọkùnrin yìí a máa bú adájọ́, a máa fọ́ ráákẹ́ẹ̀tì, ó sì borí ní Wimbledon ní ọdún 1981, 1983 àti 1984. Ashe fúnra rẹ̀ ni balógun ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà nígbà tí McEnroe bá wọn gba Ife Davis ní ọdún 1981 àti 1982, ìwà rẹ̀ sì kó ìdààmú bá balógun náà púpọ̀. Mo lè dáhùn pé ní Paris ní ọdún 1984 ó gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ Ivan Lendl kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bínú, tí ó sì pàdánù mẹ́ta tí ó kù. Àti pé ní Australia ní ọdún 1990 a lé e kúrò nínú ìdíje nítorí ìwàkiwà. Síbẹ̀ n kò ní fi èyí bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Kò tọ́ kí a máa sọ fún àwọn ọmọ wa pé onísùúrù ni yóò máa gba ife nígbà gbogbo. Irọ́ ni, wọn yóò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọmọ tí a fi ife tàn láti ní sùúrù, ọjọ́ tí ife bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò ju sùúrù nù.

Ohun tí ó yí ọkàn mi padà ni ìwà Ashe níbi tí kò ti sí ife. Ó béèrè àyè láti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n kọ̀ fún un. Ó ń béèrè títí wọ́n fi jẹ́ kí ó wọlé ní ọdún 1973. Nínú oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí a pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed, ó wà ní Èkó níbi ìdíje, àwọn ọmọ-ogun sì já wọ orí pápá bá a pẹ̀lú ìbọn. Ó ṣe ohun tí wọ́n wí, ó sì kúrò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pe ìyẹn ní ojo, kí òun náà lọ dúró níwájú ìbọn. Ní ọdún 1985 a mú un ní Washington níwájú ilé aṣojú ìjọba Gúúsù Áfíríkà, nítorí àwọn dúdú ibẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, nígbà tí àrùn éèdì tí ó kó láti inú ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí i lára ní ilé ìwòsàn ti sọ ọ́ di aláìlera, a tún mú un níwájú ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ará Hàítì tí ń wá ibi ìsádi. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 1993. Ọkùnrin tí kì í jiyàn lórí bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ni ó lọ dúró kí a mú òun nítorí ìyà ẹlòmíràn. Ojo kì í yan ibi tí yóò ti dákẹ́. Ibi gbogbo ni ó ti ń dákẹ́.

Nípa èyí ni mo fi rí ibi tí mo ti ṣìnà. Ọmọ náà kò jẹ̀bi, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì dára. Èmi tí mo rí ẹfun tí ó ta ni ó yẹ kí n dìde, kí n fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí pé bọ́ọ̀lù náà wọlé. N kò dìde, nítorí pé n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà láàrin èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀rù tèmi ni mo wọ̀ lẹ́wù sùúrù, tí mo sì gbé ka ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo pè é, mo sì sọ èyí fún un gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ síhìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá pápá yóò ṣófo ní ọjọ́ Sátidé.