Ẹyẹ Kì í Fi Apá Kan Fò

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.



Nínú Súratul-Mulk, aayah 19, Ọlọ́hun ké sí wa pé kí á gbójú sókè wo àwọn ẹyẹ tí ń tẹ́ apá, tí wọ́n sì ń pa á dé. Kò sí ẹni tó gbé wọn dúró bí kò ṣe Òun Aláàánú. Súratul-An‘ām, aayah 38, tún fi yé wa pé ìjọ ni wọ́n, bí àwa náà ti jẹ́ ìjọ. Wíwo ẹyẹ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, nígbà náà, bí a bá fi wá ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ní òwúrọ̀ ìgbà òjò, lẹ́yìn àsùbáà, ẹ mú àwọn ọmọ rìn lọ sí ẹ̀bá Òkè Dala tàbí Goron Dutse. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo àwòdì tó na apá lé atẹ́gùn, àti lékeléke tí ń tọ màlúù lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní: Ànábì wa kọ́ wa pé bí a bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun bó ti tọ́, yóò pèsè fún wa bí Ó ti ń pèsè fún ẹyẹ, tí ń fi ebi jáde láàárọ̀, tí ń yó wálé nírọ̀lẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹyẹ náà jáde. Kò jókòó sínú ìtẹ́ kó máa retí ọkà. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni apá kan, iṣẹ́ ni apá kejì. Ẹyẹ kì í sì fi apá kan fò.

Ẹ̀kọ́ kejì kan àwa tí a wà lájò. Ní àbàtà Hadejia-Nguru, ní Jigawa àti Yobe, àìmọye ẹyẹ ń dé láti Yúróòpù lọ́dọọdún nígbà tí òtútù bá mú níbẹ̀. Wọ́n á la òkun kọjá, wọ́n á la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Tó bá di bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, wọ́n á padà sílé. Láti ìgbà tí a ti sé omi ní Tiga ní 1974 àti ní Challawa ní 1992, àkúnya àbàtà náà ti dín kù; síbẹ̀ wọn kò ṣíwọ́ wíwá.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n wọ rélùwéè dé Kánò lẹ́yìn 1911 rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ìjì jà lórí àwa náà ní 1953, ó jà ní oṣù kẹwàá 1991, tí ọ̀pọ̀ kó ọmọ wọn sọ́kọ̀. Aláàánú tó gbé ẹyẹ dúró ló gbé wa dúró. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rù ọjọ́ wọ̀nyẹn kọ́ ọmọ láti kórìíra aládùúgbò. Ẹ má sì gbàgbé ilé: àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹ̀kọ́ kẹta: nígbà tí àwọn sàábé kó ọmọ ẹyẹ kan, tí ìyá rẹ̀ ń rá bàbà kiri, Ànábì ní kí wọ́n dá ọmọ rẹ̀ padà fún un. Ẹ gba rọ́bà lọ́wọ́ ọmọ tí ń ta ẹyẹ ṣeré. Bí ìbànújẹ́ ìyá ẹyẹ bá wúwo tó báyìí lójú Ànábì, kí ni ká sọ nípa ìyá tó bí wa, tó ń wọ̀nà láti ọdún yìí wá? Ẹyẹ tí kò ní owó ọkọ̀ mọ ìgbà tí yóò relé. Kí Iléyá tó ń bọ̀ má bá wa nínú àwáwí.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa lájò, kó ṣọ́ wa nílé, kó sì jẹ́ kí àbọ̀ wa sọ́dọ̀ Rẹ̀ dára. Āmīn.