Kí Ló Sọ Ẹja Ńlá Di Ńlá?

Bí ẹnì kan bá fi agbára rẹ́ ẹlòmíràn jẹ, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wa: ẹja ńlá ló ń jẹ ẹja kékeré. A ó mi orí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, àfi bí ẹni pé omi ló buwọ́ lu ìrẹ́jẹ náà. Kò yẹ kí ará Lọ́kọ́ja sọ bẹ́ẹ̀ kó sì máa lọ. Ìlú tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé yẹ kó béèrè ìbéèrè kan sí i: kí ló sọ ẹja ńlá di ńlá?

Ẹ jẹ́ ká ya ọjà Kpata ní Lọ́kọ́ja. Giwan ruwa ni àwọn Hausa ń pe ẹja tí mò ń sọ, gbogbo ọjà ló sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀: ẹja aláwọ̀ fàdákà, ẹlẹ́nu gbàràmù, tí òmíràn nínú wọn lè wúwo ju 100 kílò lọ. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá la ikùn rẹ̀, ó lè bá odindi ẹ̀pìyà níbẹ̀, tí ìpẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti funfun. Bó bá tún la ikùn ẹ̀pìyà yẹn, kò ní rí ẹja kankan níbẹ̀. Nǹkan tútù kan tó kúnná bí ewédú tí wọ́n ti fi ìjábẹ̀ já ni yóò tú jáde. Ọbẹdò ni.

Raymond Lindeman, ọ̀dọ́ onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó kú ní ẹni ọdún 26 lọ́dún 1942, oṣù díẹ̀ kí àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí adágún kan ní Minnesota tó jáde, wà lára àwọn tó jẹ́ kó yé wa pé oúnjẹ máa ń jò bó ti ń ti ikùn kan bọ́ sí òmíràn. Ẹja ń fi ohun tó jẹ lúwẹ̀ẹ́, ó ń fi mí, ó ń fi sá àsálà. Ìwọ̀nba ló ń di ẹran ara rẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń kọjá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, giwan ruwa oníkílò 50 ti jẹ tó 500 kílò ẹ̀pìyà, àwọn ẹ̀pìyà wọ̀nyẹn sì ti jẹ tó 5,000 kílò ọbẹdò. Ta ló wá tóbi níbẹ̀? Ohun tí à ń nájà lórí àtẹ yẹn kọjá ẹja kan. Odindi pápá abẹ́ omi ló kó ara rẹ̀ jọ síbẹ̀.

Ènìyàn lè wá rò pé ibi tí oúnjẹ bá ti pọ̀ ni ẹja ńlá yóò wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2000, David Post àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí adágún 25 ní Àríwá Amẹ́ríkà jáde. Adágún tó tóbi jù ni wọ́n ti rí ìpele jẹ-kí-n-jẹ-ọ́, láti orí ọbẹdò títí dé orí ẹja ńlá, tó gùn jù, kì í ṣe èyí tó lọ́ràá jù. Ọ̀rọ̀ yìí dá mi dúró. Àwa gbà pé owó ló ń sọni di ẹni ńlá. Omi ní àyè ni.

Kòtò orí àpáta ní Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja náà ń sọ ọ́. Bí òjò bá dá, ewé á jẹrà sínú rẹ̀, tanwíji á máa jẹ ìjẹrà náà. Bí omi bá pẹ́ níbẹ̀, ọmọ lámilámi á máa jẹ tanwíji. Ibẹ̀ ló parí sí. Ọbẹdò inú rẹ̀ ì báà pọ̀ tó báwo, kò sí ẹja tí yóò jọba níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní kòtò kéré jù láti fi ṣe ẹ̀rí, kó wo Adágún Chad. Ní àwọn ọdún 1960, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ọ̀dá tó mú Sahel ní 1972 àti 1973, tó tún padà dé ní 1983 àti 1984, fún un pọ̀ títí tí ohun tó kù kò fi ju nǹkan bí 2,000 lọ. Omi gbóná, ó di ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ń tán. Giwan ruwa, tí kò lè gbé inú omi tí kò ní afẹ́fẹ́, wà lára àwọn tó pòórá ní apá àríwá adágún náà. Àrọ̀ ló kù, ẹja tó lè yọ ẹnu síta kó mí. Tẹbí tará sì ni ẹja Chad àti ti Bẹ́núé, nítorí bí omi bá kún, omi méjèèjì máa ń bára wọn pàdé ní ọ̀nà odò Mayo Kebbi.

Àyè nìkan kọ́ o. John Sabo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo odò 36 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ lọ́dún 2010 pé níbi tí omi bá ti ń kún, tó ń gbẹ láìsí ètò, ìpele jẹ-kí-n-jẹ-ọ́ máa ń kúrú. Ṣùgbọ́n Ọya ń kún lọ́dọọdún, ẹja ńlá sì wà nínú rẹ̀ láti ayébáyé. Lójú tèmi, ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìkún Ọya ní ìgbà. Ní oṣù kẹsàn-án, omi á gun etídò, á bo àkùrọ̀ láti Koton Karfe wá. Ẹja á tẹ̀ lé e wọ inú koríko tó rì, á yé ẹyin síbẹ̀. Ọbẹdò á rú, kòkòrò á pọ̀, ọmọ ẹja á jẹun yó níbi tí omi kò ti jìn tó fún ẹja ńlá láti lé wọn. Bí omi bá ń fà ní oṣù kọkànlá, gbogbo wọn á padà sínú odò. Wolfgang Junk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ lọ́dún 1989 pé àkùrọ̀ àti odò kì í ṣe méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró lórí Òkè Patti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì rí bí odò yìí ti fẹ̀ tó.

Ìlérí ni ẹja fi ń gbé ayé, pé omi yóò dé nígbà tó máa ń dé. Ìlérí yẹn ni ojú ọjọ́ tó ń yí padà ń bà jẹ́. Òjò á dáwọ́ dúró pẹ́, á wá rọ̀ ní àrọ̀ọ̀rọ̀tán. Omi tó gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, ara ẹja inú rẹ̀ a sì máa béèrè oúnjẹ sí i. Ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn tún lè dín. Ẹni tó wà lókè pátápátá ló ń san gbèsè gbogbo ìpele tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mi ò ní sọ fún ẹni tí omi wó ilé rẹ̀ ní Ganaja ní Lọ́kọ́ja pé kó bá ẹja yọ̀. Omíyalé 2012 pa èèyàn 363 káàkiri Nàìjíríà. Ti 2022 pa ju 600 lọ. Lọ́kọ́ja jìyà nínú méjèèjì, omi sì gé ọ̀nà Àbújá ní Koton Karfe. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká di ẹ̀bi náà ru omi nìkan. Láti ìgbà tí ìsédò Kainji lórí Ọya ti parí lọ́dún 1968, omi tó ń tàn dé àkùrọ̀ láàárín Jebba àti Lọ́kọ́ja dín kù, ẹja tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń pa sì dín kù. Nígbà tí omi kò wá mọ́ bó ti ń wá tẹ́lẹ̀, a rò pé ilẹ̀ náà ti di tiwa, a sì kọ́lé sí i.

Ibi tí ẹni tó ń fi ẹja gbèjà ìrẹ́jẹ ti ṣì í nìyí. Giwan ruwa ń jẹ ẹ̀pìyà, ṣùgbọ́n kì í dí odò. Èmi kò tíì gbọ́ ẹja tó fún omi tó ń gbé pọ̀ kó lè tóbi sí i.

Àwọn kan á tún máa sọ pé kí wọ́n mọ ògiri sí etídò kí omi má baà yọ mọ́. Mo mọ ìrora tó bí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ògiri yóò sọ odò di kòtò tóóró, ẹja ńlá yóò sì di ìtàn fún àwọn ọmọ apẹja. Bí ìjọba bá fẹ́ náwó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀ gíga ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá fún àwọn ará Ganaja àti Adankolo, kí wọ́n sì fi àkùrọ̀ sílẹ̀ fún omi.