Ǹjẹ́ Ogun Bàbá Lè Di Ogún Ọmọ?

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ogún. Ẹni tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lè kọ ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹlòmíràn kà á sí èkejì, olùkọ́ tí ó bá sì ti máàkì ìwé ìdánwò rí mọ̀ pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ àṣìṣe lásán lórí ìwé jẹ́ ìbéèrè ńlá nínú agbo ilé. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ a pín oko rẹ̀, wọn a pín ilé rẹ̀, wọn a pín aṣọ rẹ̀. Bí bàbá náà bá ti lọ sógun rí ńkọ́? Ǹjẹ́ ogun tí ó lọ wà lára ohun tí wọ́n lè pín? Ṣé ọmọ lè sọ pé, "Àwa ni a jagun Bọ́mà," gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sọ pé, "Àwa ni a ni ilẹ̀ ọ̀hún"?

Kò sí ìlú tí ìbéèrè yìí kàn tó Ìbàdàn. Bùdó ogun ni wọ́n fi ìlú náà ṣe ní nǹkan bí ọdún 1829, títí di òní olónìí ni ìlà Balógun sì wà nínú ètò oyè Olúbàdàn, tí ó ń bá ìlà Ọ̀tún rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ tí ó yí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Òkè Màpó àti Bẹyẹrúnkà ká, a kì í wá àáké tì ní ẹ̀yìnkùlé, a kì í sì í wá ìbọn ṣakabùlà tì ní àjà. Ní ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, àpótí kan wà ní abẹ́ ibùsùn tí ìwé iṣẹ́ ológun àti àmì-ẹ̀yẹ kan tàbí méjì wà nínú rẹ̀. Ògún, irúnmọlẹ̀ irin, ni ó ni àáké, òun náà ni ó ni ìbọn, òun náà ni ó ni iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í fi ojú kan náà wo nǹkan wọ̀nyí. Wọn a jà sí ìbọn, wọn a gbé àmì-ẹ̀yẹ sínú gíláàsì, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ nílò igi ìdáná ni yóò mú àáké lọ láìsí ẹni tí yóò bi í.

Àṣà Yorùbá nípa ogún kò le láti lóye. Bí bàbá bá ní ju aya kan lọ, ìdí igi ni a fi ń pín in, ìyẹn ni pé ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ni yóò gba ìpín tirẹ̀. Bí ìjà bá dé, àwọn àgbà ẹbí lè pinnu pé kí ó jẹ́ orí ò jorí. Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù fi òǹtẹ̀ lu èyí ní 1962 nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole. Ohun tí a lè pín ni ohun tí ó lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láì yí padà. Oko kò bìkítà nípa ẹni tí ó ń ro ó. Nípa ti ìbọn pàápàá, ọ̀rọ̀ ti ń gba ibòmíràn yọ. Òfin ìbọn ti 1959 fi ṣakabùlà sí ipele tirẹ̀, ó fi ìbọn ọdẹ olójú méjì sí ipele mìíràn, ó sì ka ìbọn ológun léèwọ̀ fún ará ìlú. Orúkọ ènìyàn ni ó ń wà nínú ìwé àṣẹ; ẹni tí ó bá jogún irin àti igi ìbọn kò tíì jogún àṣẹ láti yìn ín.

Àwọn tí ó gbà pé ogun lè di ogún ní ẹ̀rí tí ó lágbára, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọn a ní, kí ni oríkì jẹ́ bí kò ṣe ogun bàbá lẹ́nu ọmọ? Ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n ń kì kò sí ní Òṣogbo ní 1840 nígbà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ lé ogun Ìlọrin padà, síbẹ̀ orí rẹ̀ a wú. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá mú oríkì wá sí ìdí ẹjọ́ yìí ṣọ́ra, nítorí ẹlẹ́rìí tí kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan ni oríkì. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ ìwà ipá, yóò gbọ́ gbèsè, yóò gbọ́ ìsáǹsá nínú oríkì ìdílé, nítorí pé àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹni tí wọ́n ń kì nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìbàdàn kò fi pamọ́ pé ìbọn ìgbàlódé tí àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti Èkó fojú àwọn rí màbo, tàbí pé Ààrẹ Látòósà kú sí bùdó ní 1885, kò padà wálé. Ẹni tí ó bá fẹ́ jogún ogun ní ọ̀nà tí oríkì gbà ń ṣe é gbọ́dọ̀ gba tọ̀tún tòsì.

Ogun Hítílà ni ó mú ìṣòro náà hàn gbangba, nítorí pé kò sí oríkì tí ó tẹ̀ lé e wálé. Ní 1943 ni wọ́n kó Ìpín Ogun 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ, tí ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí Íńdíà. Ìpín Ogun 82 tẹ̀ lé wọn. Àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí, ni wọ́n rán Ìpín 81 lọ, kò sì sí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó dé ibẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n la ọ̀nà. Láti Chiringa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba orí òkè àti inú igbó kìjikìji, wọ́n fi irinṣẹ́ ọwọ́ la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75, tí ọkọ̀ jíìpù fi lè kọjá. Àwọn òyìnbó sọ ọ̀nà náà ní orúkọ àwọn tí ó là á: Ọ̀nà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀nà náà sì dópin, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú a sì máa ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àwọn tí a ń pè ní ajagun Bọ́mà ló jẹ́ aláàárù, awakọ̀, akọ̀wé, alásè àti olùtọ́jú aláìsàn. Àmì-ẹ̀yẹ Burma Star kò sì ya ẹni tí ó yìnbọn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ru àpótí ọta.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn Ọjà'ba, tí ó ti Bọ́mà dé ní 1946. Ọmọ ọdẹ ni. Ó bá ṣakabùlà bàbá rẹ̀ ní àjà, kò sì fi ọwọ́ kàn án títí ọlọ́jọ́ fi dé. Igi ni ó ń ṣẹ́ tà. Yóò gé ayìn lóko, nítorí pé ayìn a máa pẹ́ nínú iná, kì í sì í ṣe èéfín púpọ̀. Yóò là á, yóò dì í ní ìdì-ìdì, àwọn olóúnjẹ Ọjà'ba yóò sì rà á. Kò sọ ohunkóhun nípa ogun ju pé òjò ibẹ̀ pọ̀. Ó kú. Ọmọ rẹ̀ àgbà ní, "Bàbá wa pa àwọn Jàpáànì lọ bẹẹrẹbẹ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ rí ìbọn sójú mọ́." Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, igi ni wọ́n fi bàbá gé lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gé e níbí." Ẹ̀gbọ́n bínú, ó ní àbúrò òun ń bu bàbá kù.

Ta ni ó jẹ̀bi? Kò yẹ kí a yára pe ẹ̀gbọ́n ní òpùrọ́, nítorí ẹni tí ó bá mọ òtítọ́ tí ó sọ òdì rẹ̀ ni òpùrọ́; ẹ̀gbọ́n yìí kò mọ̀. Àbúrò náà kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdákẹ́ bàbá ni àwọn méjèèjì ń túmọ̀, ìdákẹ́ kì í sì í sọ ìdí tí òun fi dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó pa ènìyàn. Ó lè jẹ́ pé kò pa ẹnì kan, tí ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí a dá sílẹ̀ lórí ogun. Ó sì lè jẹ́ pé ó rí ohun tí ẹnu rẹ̀ kò gbà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀gbọ́n ṣe tí ó burú, òun sì ni ìbínú rẹ̀. Ó ti pinnu pé ìbọn níyì ju àáké lọ, nítorí náà ó gba àáké lọ́wọ́ bàbá tí ó ti kú, ó sì fi ìbọn tí ọkùnrin náà kọ̀ láti fọwọ́ kàn ní ojú ayé rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Láìsí àáké, ẹsẹ̀ kan kì bá tí dé Kaladan. Àwọn Yorùbá ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnì kan jẹ. Ẹran ni ọdẹ ń fún ará ilé. Ìṣẹ́ àti ìyà inú igbó, tirẹ̀ nìkan ni.

Àwọn ọdẹ fúnra wọn ti rí ewu yìí tipẹ́. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣípà fún un, àwọn ni ó ń sun ìrèmọ̀jé, gẹ́gẹ́ bí Bádé Àjùwọ̀n ti ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1982. Ẹni tí ó bá a dẹgbó wà níjokòó. Bí wọ́n bá ní olóògbé pa ẹfọ̀n tí kò pa, ẹni tí ó mọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ wà ní Kaladan, ọ̀kan lè jẹ́ Tiv, èkejì Háúsá, ẹ̀kẹta ọmọ Mende láti Sierra Leone, kò sì sí èyí tí ó lè dé Ọjà'ba wá jẹ́rìí níbi òkú. Ogun náà padà wálé láìní ẹlẹ́rìí, ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni fi lè sọ ọ́ di ohun tí ó bá wù ú.

Ọ̀kan nínú wọn sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn Jàpáànì ká wọn mọ́ ní etí odò Kaladan. Ọta bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn, wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú David Kargbo, ọmọ Sierra Leone. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lẹ́yìn ọ̀tá, àgbẹ̀ mùsùlùmí kan ní abúlé ibẹ̀ ni ó bọ́ wọn tí ó sì fi wọ́n pamọ́ sí ilé rẹ̀. Fadoyebo kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà jáde ní 1999. Kò pa ẹnì kan nínú rẹ̀. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé náà. Àgbẹ̀ náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbà á. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo náà kú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi lẹ́tà yìí. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà kò fi ẹnì kan pamọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ọpẹ́ náà. Bí Fadoyebo bá ti kú kí ó tó kọ lẹ́tà, àwọn ọmọ tirẹ̀ ni ì bá jẹ ọpẹ́ náà. Láyé ìwọ̀fà, ọmọ a máa sìn nítorí owó tí bàbá yá, kò sì sí ẹni tí ó ń bi í bóyá òun ni ó ná owó náà. Ó jọ pé ohun tí ó wà láàrin bàbá àti ẹlòmíràn lè kọjá sí ọwọ́ ọmọ, ìbáà ṣe gbèsè tàbí ohun tí wọ́n jẹ bàbá. Ìgboyà nìkan ni kò lè kọjá. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò nìyí, nítorí pé Bọ́mà jìnnà, ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 kò sì jìnnà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Ìpín Kejì ti ìjọba àpapọ̀ wọ Asaba. Àwọn ará ìlú jáde pẹ̀lú ijó àti aṣọ funfun láti kí wọn káàbọ̀. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ní 2002, Yakubu Gowon, tí ó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, lọ sí Asaba láti tọrọ àforíjì. Òun ṣì wà láàyè láti tọrọ rẹ̀.

Ká ní ọmọ kan wà ní Bẹẹrẹ tí bàbá rẹ̀ wà nínú Ìpín Kejì ní ọdún náà, tí bàbá náà sì dákẹ́ bí alági Ọjà'ba ti dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé bàbá rẹ̀ yìnbọn ní Asaba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò yìn ín. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá ni ó fi ka ìwé. Bí ó bá bá ọmọ Asaba pàdé ní yàrá ìgbìmọ̀ olùkọ́, tí ẹni yẹn sọ pé bàbá àgbà òun kú ní 1967, kò lè tọrọ àforíjì fún ohun tí kò mọ̀ bóyá ó ṣẹlẹ̀ láti ọwọ́ bàbá rẹ̀, kò sì lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó jókòó, kí ó gbọ́ ọ dé òpin, kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni náà bí bàbá tirẹ̀ ti nígboyà tó.