Kí ni ọmọ ilé ìwé ń kọ́ nínú ọ̀rọ̀ òṣì?

Lónìí, a fẹ́ jọ ro ọ̀rọ̀ kan tí ó kàn yín, tí ó sì kan àwọn ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ náà ni òṣì. Kì í ṣe òṣì ilé ẹnì kan, bí kò ṣe òṣì tí ó wà káàkiri ayé.

Ní ilé ìwé púpọ̀, ní ìlú òyìnbó àti ní ìlú tiwa, olùkọ́ a máa sọ fún àwọn ọmọ pé: “Ẹ lọ wádìí ọ̀rọ̀ òṣì wá.” Àwọn ọmọ a lọ. Wọ́n a béèrè, wọ́n a kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n a padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ìbéèrè wa nìyí: kí ni ọmọ ń kọ́ nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé àánú ni, àbí ẹ̀gàn? Ṣé ọgbọ́n ni, àbí ìtìjú?

Ìrẹsì àwọn ọmọ Faransé

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1992, ìyàn mú gan-an ní ilẹ̀ Sòmálíà. Ìjọba Faransé sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé pé kí olúkúlùkù mú ìrẹsì díẹ̀ wá láti ilé. Àwọn ọmọ mú un wá. Ìrẹsì náà pọ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù. Ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Mogadishu. Ní oṣù kejìlá, mínísítà kan tí ń jẹ́ Bernard Kouchner gbé àpò ìrẹsì kan lé èjìká ní etí òkun níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán ya àwòrán rẹ̀, gbogbo ayé sì rí i.

Ohun tí àwọn ọmọ náà ṣe dára. Ọmọ tí ó gbọ́ pé ebi ń pa ọmọ bíi tirẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, tí ó sì bù nínú oúnjẹ ilé wọn fún un, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá. Ó ti mọ̀ pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ méjì kù. Èkíní ni ìdí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé àwọn ará Sòmálíà kò mọ oko ro. Ọ̀dá dá. Ìjọba Siad Barre ti ṣubú ní oṣù kìíní 1991, àwọn oníbọn sì ń bá ara wọn jà. Àgbẹ̀ kò lè gbìn, ọkọ̀ kò lè gbé oúnjẹ kọjá. Ìrẹsì bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n ìrẹsì kò dá ogun dúró. Èkejì ni pé a mọ orúkọ ẹni tí ó gbé àpò. A kò mọ orúkọ ẹni tí ó jẹ ìrẹsì. Kò sí ẹni tí ó bi í pé: “Ìwọ, kí ni o rí sí i?”

Iye owó kò sọ gbogbo rẹ̀

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn òṣì. Ní ọdún 1990, Báńkì Àgbáyé sọ pé ẹni tí ohun tí ó ń ná kò tó dọ́là 1 lójúmọ́, inú òṣì líle ni ó wà. Owó ń yí padà, wọ́n sì ń yí iye náà padà. Láti oṣù kẹfà 2025, ó ti di dọ́là 3. Kì í ṣe pé kí ẹ ṣẹ́ dọ́là 3 sí sẹ́fà kí ẹ sì wo àpò yín. Ohun tí owó náà lè rà ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò. Wọ́n tún ń ka iṣu tí a gbìn tí a sì jẹ mọ́ ọn.

Ìwọ̀n yìí wúlò. Bí a kò bá wọn nǹkan, a kò ní mọ̀ bóyá ó ń pọ̀ tàbí ó ń dín. Ṣùgbọ́n iye owó dà bí igbá ìwọ̀n gàrí. Ó sọ bí gàrí ti pọ̀ tó. Kò sọ ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́, kò sì sọ ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ìwé wa

Ọmọ Faransé lè kọ́ ẹ̀kọ́ òṣì bí ẹni ń wo ohun tí ó wà lókèèrè. Ọmọ Pobẹ̀ àti ọmọ Sakété ńkọ́? Bí olùkọ́ bá kọ “òṣì” sí ojú pátákó, ọmọ lè bojú wẹ̀yìn kí ó bi ara rẹ̀ pé: “Ṣé èmi ni wọ́n ń bá wí?”

Mo mọ ilé ìwé kan ní agbègbè wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ kan níbẹ̀ fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ òṣì ayé. Ó ní: “Ta ni kò jẹun láàárọ̀ yìí? Kí ó dìde.” Ọmọ mẹ́ta dìde. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà jẹ́ ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń ṣe alábàárù ní ọjà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí ó fẹ́ padà lọ, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé: “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba iwájú ilé ìwé wa kọjá pẹ̀lú ẹrù mọ́.”

Ẹ wo ohun tí ọmọ yẹn kọ́. Kò kọ́ ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ tí owó kò fi tó. Ìtìjú ni ó kọ́. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín kọ́ ohun tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà ọmọ náà lọ bá olùkọ́. Ó kí i dáadáa, ó sì ní: “Ọ̀gá, àdúrà tí a ń gbà lójoojúmọ́ ni pé kí àṣírí wa bò. Ẹ má fi àṣírí ọmọ kọ́ ọmọ ní ìwé.” Olùkọ́ náà kì í ṣe agbéraga. Ó tọrọ àforíjì, ó sì yí iṣẹ́ náà padà. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé: “Ẹ má béèrè ẹni tí ó tòṣì mọ́. Ẹ lọ béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.”

Ìṣirò epo

Àwọn ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa. Wọ́n rí bí a ti ń já ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀, bí a ti ń sè é, bí a ti ń gún un, bí a ti ń fi omi fọ̀ ọ́ kí epo lè léfòó, àti bí a ti ń tún epo náà sè. Wọ́n wá ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí á fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe iye ọjà òní, ọ̀nà ìṣirò ni a ń wò.

Owó ẹyìn: 12.000 sẹ́fà.
Igi ìdáná: 1.500.
Owó ẹ̀rọ: 1.000.
Owó ọkọ̀: 500.
Àpapọ̀: 15.000.
Wọ́n ta epo náà ní 18.000. Èrè jẹ́ 3.000.

Púpọ̀ nínú wa a dúró síbẹ̀, a ó ní: “Mo jèrè.” Ṣùgbọ́n obìnrin 2 ni ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọjọ́ 4. Ọjọ́ iṣẹ́ 8 ni. Ẹ pín 3.000 sí ọ̀nà 8: 375 sẹ́fà ni ọjọ́ kan. Ohun tí a kò kà rí ni agbára wa. Ibẹ̀ ni ojú àwọn ọmọ ti là. Wọ́n ti máa ń gbọ́ pé ọ̀lẹ ni òṣì máa ń ta. Wọ́n wá rí ẹni tí kì í ṣe ọ̀lẹ, tí owó kò sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ ní kí wọ́n ṣe ìṣirò iṣẹ́ alábàárù náà: ẹrù mélòó lójúmọ́, èló ni ẹrù kan. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó jáde lọ ṣe ìṣirò náà sí ojú pátákó. Kò sọ pé iṣẹ́ ìyá òun ni. Kò sí ẹni tí ó bi í. Kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Ìdí tí ó wà lókèèrè

Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò tán yóò béèrè ìdí. Ìdí mìíràn wà nínú ilé wa, òmíràn sì jìnnà. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù. Fránkì Faransé kan tí a ń fi 50 sẹ́fà rà di 100 sẹ́fà. Ohun tí ó ń ti òkèèrè wá wọ́n sí i. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ ọjà, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Àwọn tí ọ̀nà Nàìjíríà ni ọ̀nà ọjà wọn, ní Pobẹ̀, ní Sakété àti ní Ìfọ̀ǹyìn, rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò ya ọ̀lẹ ni kò rí ọjà tà.

Ẹ tún wo èyí. Nígbà ìjọba Faransé, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Sakété dé Pobẹ̀. Epo àti ekùrọ́ ilẹ̀ wa gba ọ̀nà yẹn lọ sí etíkun. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀. Àwọn oníṣòwò Marseille ti ń fi epo ilẹ̀ wa ṣe ọṣẹ tipẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé ilẹ̀ wa kò ní nǹkan. Ìbéèrè ni pé: ta ni ó ń dá iye sí ohun tí a ní?

Ohun tí ó yẹ kí ọmọ kọ́

Ọkùnrin Faransé kan wà tí ń jẹ́ Joseph Wresinski. Inú òṣì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1917. Nígbà tí ó dàgbà, ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláìní. Ó fi yé àwọn ènìyàn pé ẹni tí òṣì ń bá jà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1987, wọ́n pé jọ ní Paris nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1992, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá di ọjọ́ tí gbogbo ayé ń rántí ìjà tí a ń bá òṣì jà.

Ó yẹ kí ọmọ kọ́ ohun mẹ́ta. Kí ó mọ ìṣirò ṣe, kí ó má fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Kí ó béèrè ìdí, kí ó má yára pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ. Kí ó sì bo àṣírí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní òtítọ́ àti àṣírí kò lè gbé pọ̀. Wọ́n lè gbé pọ̀. Ẹ sọ bí iṣẹ́ ti rí, ẹ fi orúkọ ẹni sílẹ̀.

Kí ọmọ tún mọ̀ pé òṣì kì í ṣe kádàrá tí kò ṣeé yí. Ní 2006, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ mú owó ilé ìwé kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti 2017, ètò oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé ti gbòòrò sí i. Ènìyàn ni ó pinnu bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn pinnu, ènìyàn lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin náà, ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ wà fún yín. Bí ọmọ bá bi yín pé: “Ìyá mi, èló ni ẹ jẹ lórí epo yìí?” ẹ má lé e. Ẹ má sọ pé: “Ta ni ó rán ọ?” Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ti mọ ìwé báyìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ rò ó wò

1. Nínú iṣẹ́ yín, kí ni ẹ kì í kà mọ́ ìnáwó?
2. Báwo ni a ṣe lè sọ òtítọ́ nípa òṣì láì dójú ti ẹnikẹ́ni?
3. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí olùkọ́ sọ fún àwọn ọmọ tí ó rẹ́rìn-ín?